Ọṣẹ Inú Báàgì Àbúrò Bàbá Mi

Bí mo bá ti gbóòórùn ọṣẹ, àbúrò bàbá mi ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Ẹnu mi ò gba "wọn" mọ́.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ohùn àti apá ọ̀tún bàbá mi lọ, kóòtù fi í ṣe alámòójútó owó àti ilé wọn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wá sílé wa ní Súrùlérè, tòun ti ọṣẹ nínú báàgì. Á ní ká bọ́ síta díẹ̀, kí òun bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n lè dáhùn. Tá a bá padà wọlé, a ó bá a níbi tó ti ń fọwọ́ fún wọn.

"Ọmọ ìyá kan ni wá," ló máa ń wí. Màmá mi á sì máa ṣàdúrà fún un.

Èmi ń wò ó. Kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ òsì nìkan ló ń fọ̀? Lọ́jọ́ kan tí omi ò yọ, mo rí tàdáwà dúdú lára àtàǹpàkò bàbá mi.

"Ìwé ọsibítù ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ka sí," ló wí.

Ọsibítù wo? Oṣù mẹ́ta rèé tí wọn ò kúrò nílé. Ìwé ilé wa ni ọkàn mi sọ fún mi pé ó ń fi ọwọ́ wọn tẹ̀.

Mo gba lọ́yà, a ní kí kóòtù fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ó rẹ́rìn-ín wá síbi tí bàbá mi jókòó sí, ó na ọwọ́ sí wọn. Adájọ́ ń wò wọ́n. Bàbá mi rọra ki àtàǹpàkò wọn bọ inú ìkúùkù, wọ́n sì dì í pinpin.