Méje Ara Ọkọ̀ Ṣọ́jà

Wọ́n ní òkú ṣọ́jà kan wà nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé Bàbá Ọlọ́dà, pé òun ni bàbá náà ń wẹ̀ fún láràárọ̀, tó sì ń bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí, ó tún fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé òkú náà ń gbọ́. Irọ́ ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa, mo sì ti wọ inú ọkọ̀ náà. Àga tí kò ní ìjókòó mọ́ ló wà níbẹ̀, àti adìyẹ mi kan tó ń yé ẹyin síbi tí kò kàn án.

Ohun tí wọ́n ń pè ní òkú wíwẹ̀, ọ̀dà ni bàbá ń fi sáńpépà àti omi ọṣẹ fá. Ogójì ọdún ló fi kun mọ́tò kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ìlú mìíràn. Àwo kan àti ife kan ló kù lórí tábìlì rẹ̀. Bí mo bá ń ránṣọ lọ́wọ́, mo máa ń gbọ́ sáńpépà náà, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Á dákẹ́, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ṣọ́jà ni ẹ̀gbọ́n náà, òun ló ń kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ wọn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ sílé. Ó ní bátànì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé ihò nọ́ńbà sí, èyí tí wọ́n fi ń kọ méje ti sọnù, òun wá gé tòun lára agolo mílíìkì, òun sì fa ìlà gba ìbàdí rẹ̀ kọjá kí ọ̀gá má baà kà á sí oókan. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìwé mìíràn dé pé ó ti kú. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí ẹrù.

Bàbá ti darúgbó kó tó rí ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ oníṣòwò pákó kan. Ibi tí ọ̀dà ti bó díẹ̀ lára rẹ̀, méje kan yọjú, ó ní ìlà ní ìbàdí. Ó rà á, wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ wálé. Ó sọ fún mi pé nọ́ńbà ibùdó ṣọ́jà tó ni ọkọ̀ máa ń wà lábẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀. Bí òun bá rí i, òun á mọ ibi tí òun yóò ti béèrè ibojì ẹ̀gbọ́n òun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí lórí ògiri. "Aránṣọ, wá yá mi ní ojú rẹ."

"Bàbá, gíláàsì ni èmi náà ń lò."

"Mo mọ̀. Ẹnu rẹ nìkan ni kò nílò gíláàsì."

Ó ti ba ilẹ̀kùn ọ̀tún jẹ́ kó tó pè mí. Ọwọ́ tó ti fi ogójì ọdún fá mọ́tò dé irin kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lágbedeméjì. Kó tó mọ̀, gbogbo nọ́ńbà ti lọ, irin ń dán. Ilẹ̀kùn òsì nìkan ló kù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi fá a. Òun á fá, èmi á máa wò. Bí mo bá ní, "Ó tó, bàbá," á gbọ́wọ́ kúrò. Pupa oníṣòwò pákó ló kọ́kọ́ lọ, búlúù kan tẹ̀ lé e, ká tó kan àwọ̀ ewé àwọn ṣọ́jà. Nọ́ńbà ọkọ̀ yọ. Abẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà ibùdó. Nísàlẹ̀ pátápátá, oṣù àti ọdún tí wọ́n kùn ún. Mo kà á fún un: oṣù kẹta, ọdún náà sì jẹ́ méje méjì tẹ̀ léra, ìlà wà ní ìbàdí méjèèjì.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó wọlé lọ mú ìwé ikú jáde. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin ló wà lórí rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán ni wọ́n tó kun ọkọ̀ yìí.

Mo ní, "Bàbá, ẹlòmíràn lè ti jogún agolo yẹn."

"Bátànì máa ń gé etí ọ̀dà gún régé. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ ọdún yìí. Fọwọ́ kàn án. Ibi tó ga yẹn ni búrọ́ọ̀ṣì ti balẹ̀, apá òdì ló sì wà. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Bàbá wa nà án títí, kò fi sílẹ̀."

Mo fọwọ́ kàn án, bó ṣe wí ló rí. Ibojì ló ń wá, ẹni tó wà láàyè tí kò wálé ló rí.

"Ìyá wa kú pẹ̀lú ẹkún rẹ̀," ó ní. "Kí la ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi tí kò fi wálé?"

Mo bá a kọ lẹ́tà sí ibùdó náà. Ó padà wá bó ṣe lọ, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò sí ibùdó bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ sáńpépà mọ́. Ó tẹ́ pákó sórí àga inú ọkọ̀, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, tí òun àti adìyẹ mi jọ ń wo ògiri. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi òróró pa ilẹ̀kùn òsì kó má baà dípẹtà.

Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ̀ pátápátá, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ. Ẹrù rẹ̀ kò kún àpótí kan. Ó na kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé sí mi, kò sì tíì fi í sílẹ̀ tó fi sọ̀rọ̀.

"Bí ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ bá wá béèrè ọkọ̀ yìí, má bi í lórúkọ, ó lè ti yí i padà. Fún un ní bírò. Ní kó kọ méje."