Orin Tó Wọ Rélùwéè Lọ sí Kánò

Ẹni àádọ́ta ọdún. Ṣòkòtò tó fún un lẹ́sẹ̀ pinpin. Dígí dúdú lójú, lábẹ́ òrùlé. Bí Jacob Àkànbí Adétóyè ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ọ̀fà, ìlú rẹ̀, nìyẹn lọ́dún 1969, lẹ́yìn ogún ọdún tó ti ń ta gìtá kiri.

Ó ti ṣeré ní Jẹ́bà, ní Mínà, ní Kàdúná, ní Kánò. Ibi gbogbo ló kún. Bàbá Sóòlù, bàbá orin ọkàn, ló ń pe ara rẹ̀. Ní Kánò, àwọn èrò gbé e pọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọmọ ọwọ́.

Orin kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀:

Mo yó, mo ń ro ọ́,
Ebi ń pa mí, mo ń ro ọ́,
Ta ni yóò bá mi tu ọkàn mi?

"Ẹkún ni mo fi kọ ọ́," ni yóò wí. Àwọn obìnrin a sì máa nu ojú.

Irọ́ ni. Susannah ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tíṣà, ló fi ìbínú kọ ọ́ lọ́dún 1951, lọ́jọ́ tí Jacob sá kúrò lóko nígbà kẹrin. Jacob gan-an ni orin náà ń bú. Ó kàn yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà ni. Ta ló mọ̀ ní Kánò? Ó sì gbà pé Ọ̀fà náà ti gbàgbé.

Ohun kan ló kù tó ń fẹ́ láyé. Kí Susannah pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kan péré. Ó lọ bá a nílé.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ mi. Wọ́n pọ̀n mí ní Kánò!"

"Àkànbí, wọn ò mọ̀ pé o lẹ́sẹ̀ ni?"

Susannah wá ṣá. Lọ́sàn-án Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, ìlà iwájú. Fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí, báàgì lórí itan.

Jacob dijú. "Mo yó…"

Gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀:

Jacob yó, ó gbé gìtá,
Ebi ń pa Jacob, ó gbé gìtá,
Ta ni yóò bá wa kọ ebè?

Àgbà ń kọ ọ́. Ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́dún 1951 ń kọ ọ́. Alhaja Asiata, ìyá oníṣu, dìde, ó ń ṣe bí ọ̀lẹ tó fẹ̀yìn ti ọkọ́. Àwọn onílù rẹ̀, ará Èkó, rò pé ìfẹ́ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n túbọ̀ ń lù ú kíkankíkan.

"Ẹ tún un kọ!" ni gbogbo ilé ń ké.

Ẹ̀ẹ̀meje. Nígbà tó fi di ìkẹrin, òógùn ti yọ dígí dúdú kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tó di ìkeje, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ "Jacob yó".

Gbogbo ilé dìde. Àtẹ́wọ́ bí òjò orí páànù. Kò rí irú rẹ̀ ní Kánò. Jacob tẹríba, ó gbójú sókè, ó ń wá ọwọ́ kan ṣoṣo níwájú.

Susannah náà ti dìde. Ó kẹ̀yìn sí i. Ó kọjú sí èrò, ó sì ń tẹríba fún wọn, jẹ́jẹ́, lápá ọ̀tún, lápá òsì.