Obìnrin Tó Wá Dógò Tì Wá

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ kí n lọ pọnmi, mo bá obìnrin kan tó tẹ́ni sẹ́nu ọ̀nà wa, tó jókòó, tó na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà. Ìyá aláṣọ Igolo ni, ẹni tí màmá mi máa ń gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Lọ pe ìyá ẹ. Sọ fún un pé mo wá dógò tì í."

Ayé ìjọba àwọn ológun tó ń pera wọn ní kamaráàdì la wà, ojoojúmọ́ ni rédíò ń wí fún wa pé ayé àtijọ́ ti lọ. Mo rò pé ẹnu ìyá àgbà nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kù sí: kí olówó jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kó máa jẹ, kó máa mu lọ́rùn rẹ̀, kó má dìde títí wọn ó fi san owó rẹ̀.

"Àwìn kì í ṣe gbèsè," ni màmá mi máa ń wí, "sùúrù olówó ni." Bó ṣe ń gba aṣọ láwìn náà ló ń tà á láwìn fún àwọn obìnrin Tchaada, pé wọn ó san án tí gààrí wọn bá tà. Wọ́n wá ti bodè Igolo pa. Gààrí ò rẹ́ni rà á mọ́, òdìkejì bodè làwọn tó ń rà á ti ń wá. Ẹni tó bá lọ sin owó ní Tchaada, ìkíni ló ń gbà bọ̀.

Ìyá aláṣọ ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó ní kí màmá mi fi ọ̀pẹ rẹ̀ dúró fún owó òun. Ọ̀pẹ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Daagbé nìyẹn. Epo ibẹ̀ là ń jẹ, òun náà là ń tà rán mi nílé ìwé. Tó bá bọ́ sọ́wọ́ obìnrin yìí, òun ni yóò máa kọ ẹyìn rẹ̀ títí a ó fi rówó san, ta ló sì mọ ìgbà náà? Màmá mi ń sè, obìnrin náà ń jẹ, ó tún ń ní iyọ̀ ò tó. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da omi sẹ́ni rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, a gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà. Kí n tó wẹ̀yìn, ìyá aláṣọ ti ká ẹní rẹ̀, ó ti kó sẹ́yìn ìkòkò omi wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó kí wa dáadáa. Ó ní òun ń wá aláṣọ kan tó jẹ òun lówó. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Igolo lòun ti ń dógò tì í láti ọjọ́ yìí, ó sì ti sá mọ́ òun lọ́wọ́.

Obìnrin tó ń ká wa mọ́lé, sísá ló sá wá!

Màmá mi wo ọkùnrin náà lójú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. A ò rí i."

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà lọ tán, ìyá aláṣọ jáde, ó ń sunkún, ó ń pe màmá mi ní àbúrò rere. Màmá mi wọlé, ó kó gbogbo aṣọ tí kò tíì tà jáde fún un. Ó wá yíjú sí mi. Aṣọ ọdún mi wà lára mi, inú aṣọ àwìn yẹn ló ti gé e.

"Bọ́ ọ," ló wí.

Mo bọ́ ọ. Mo rò pé obìnrin náà ó kọ̀ ọ́, lẹ́yìn ohun tí màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún un. Ó gbà á. Ó ká a dáadáa, ó tì í bọ ẹrù rẹ̀, ó ní èyí tó bá kù, ká máa fi epo san án díẹ̀díẹ̀. Ó bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Epo la fi san án tán. Ọ̀pẹ Daagbé ṣì jẹ́ tiwa dòní, mi ò sì tíì gba aṣọ àwìn wọ̀ rí.