Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ Tó Gbé Báàgì Kọ́rùn

Ọwọ́ Àlájà dúró lórí ẹ̀gúsí. Láti ìgbà tí fíìmù kàtúùnù náà ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ, pá, pá, pá, bí wọ́n ṣe ń bó o sínú àwo, tí àwa ọmọdé náà ń bó tiwa, nítorí ẹni tí kò bá bó ẹ̀gúsí kò ní wo fíìmù ní pálọ̀ wọn. Nísinsìnyí, gbogbo ilé dákẹ́. Nínú fíìmù náà, ìyá pẹ́pẹ́yẹ kan ti lọ wá oúnjẹ ní òdìkejì odò, ọmọ rẹ̀ sì ti kó ẹrù sínú báàgì kékeré, ó gbé e kọ́rùn, ó ń wá ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn ẹyẹ ń kọrin sí i pé kó máa lọ.

“Ta ló bá a di ẹrù?” Àlájà bèèrè. “Ọmọ kékeré báyìí! Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni nínú ulé, wọ́n tún ń kọrin fún un! Yèyé rẹ̀ ńkọ́?”

Àlájà là ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò dé Mẹ́kà rí. Ìyá arúgbó ni wọ́n, ojúlé wọn ló kángun sí tiwa ní àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó, ọ̀dọ̀ wọn sì ni èmi àti àbúrò mi obìnrin máa ń wà bí a bá ti ilé ìwé dé. Tíṣà ni mọ́mì wa. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ilé ìwé kan ní Ìgèdè, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń wá sílé. Dádì kì í tètè ti ọ́fíìsì dé. Àlájà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí fíìmù tí wọn ò lè túmọ̀ fún wa. Lójú tiwọn, àlọ́ ni kàtúùnù: bó bá parí, a ó sọ ohun tó kọ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ láàárín, Àlájà á fi ẹnu parí rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ ká fi ìtàn sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ yẹn, ibi tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ti ń gba ojú ọ̀nà lọ gan-an ni iná lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́ ìpè ìrun àsárì láti mọ́ṣáláṣí. Àlájà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró wọn. “Ẹ dúró dè mí,” ni wọ́n wí, wọ́n gbé bútà omi, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ sọ fún mi, ọmọdé wo ló ń dúró? Kí wọ́n tó kírun tán, a ti tú ká.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bá mi, wọn ò bá àbúrò mi. A pè é lẹ́yìnkùlé, a pè é létí kànga. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo sáré wọ yàrá wa. Gbogbo ìwé rẹ̀ ló dà sórí bẹ́ẹ̀dì, báàgì ò sí níbẹ̀, súwẹ́tà rẹ̀ náà ò sí.

Mo sọ fún Àlájà. Ojú wọn yí padà. “Báàgì kẹ̀! Mo gbé! Mo jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ dìde lórí ìtàn tí kò parí.”

Àwa méjèèjì mọ ibi tó ń lọ. Àlájà ò dúró wọ bàtà. Pẹ̀lú ìbòrí tí wọ́n fi kírun, wọ́n fà mí lọ́wọ́, ọ̀kadà gbé wa lọ sí Fájuyì, níbi tí ọkọ̀ Ìgèdè ti ń kó èrò. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò lè sunkún. Bí ọkọ̀ bá ti gbé e lọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ibòmíràn ni ọkọ̀ náà ń lọ ńkọ́? Àlájà ń pe orúkọ àbúrò mi láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, wọ́n ń pe Ọlọ́hun mọ́ ọn, àwọn èrò ń wò wọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Inú ọkọ̀ tó ti fẹ́ gbéra la ti rí i, láàárín ìyá oníṣu kan àti fèrèsé, báàgì lọ́rùn. Dírẹ́bà rò pé ọmọ oníṣu ni. Oníṣu rò pé ọmọ dírẹ́bà ni. “Mo ń lọ bá mọ́mì,” ló wí fún wa, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mo rò pé ìgbájú ló kàn. Àlájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n fà á mọ́ra. “Fíìmù yẹn ò tíì parí,” ni wọ́n wí. “Ọ̀nà mìíràn ni yèyé pẹ́pẹ́yẹ gbà délé. Ó bá ulé lófìfo. Ó ń pe ọmọ rẹ̀, ó ń pè é kiri etí odò, títí ohùn rẹ̀ fi há.” Ohùn tiwọn pàápàá ti há.

“Ṣé ó padà rí i?” àbúrò mi bèèrè.

“Ó rí i. Àmọ́ wo ojú rẹ̀ ná.”

Àbúrò mi wo ojú Àlájà, ló bá bú sẹ́kún.

Àlájà ti re ibi àgbà ń rè. Èmi náà ti di abiyamọ ní Adó níbí, àyà mi sì ṣì ń já bí ilé bá dákẹ́ jù. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo ṣèèṣì rí fíìmù yẹn lórí fóònù, mo wò ó dé òpin. Ìyá àti ọmọ dì mọ́ra, wọ́n jó, ó tán. Kò sí ohùn tó há. Inú bí mi. Kí n tó mí kanlẹ̀, fóònù ti gbé kàtúùnù mìíràn sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lánàá, mo fi han ọmọbìnrin mi kékeré. Níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń kọrin, mo tẹ fíìmù náà dúró. “Yèyé rẹ̀ ńkọ́?” mo bi í.

Ó ronú díẹ̀. “Ó ń pè é, mọ́mì. Ó ń pè é, kò gbọ́.”

Wọn ò fi ìyẹn hàn níbì kankan nínú fíìmù náà.