Èébú Tí Bàámi Gbé Bọ̀ Láti Orí Òkun

Òórùn ọ̀dà dúdú ló máa ń jí wa ní àárọ̀ Sátidé nínú agboolé wa l'Ọ́jọ̀. Bàámi á ti gbé agolo ka iná, wọn á máa fi ọ̀dà gbígbóná dí ibi tí ọkọ̀ onígi wọn ti là. Atukọ̀ òkun ni wọ́n kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ níbẹ̀ ò ju àpótí páànù kan àti èébú kan lọ.

Àpótí yẹn ti dípẹtà kí n tó wọ prámárì. Èébú yẹn ò dípẹtà rárá o. Ẹni tó bá jókòó nígbà táwọn yòókù ń ṣiṣẹ́, "ẹrù aláìlẹ́ni" lorúkọ ẹ̀ lẹ́nu wọn. Èmi tí mo fẹ́ràn ìjókòó bí ológbò ni mo sì ń jẹ ẹ́ jù. Mo fi bú ọmọ kíláàsì wa kan rí ní Òkokomáìkò, tíṣà ní kí n kúnlẹ̀ títí wọ́n fi lu aago. Màámi, tó ń ta gààrí ní Ìjanikin, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n á ní, "Ẹ má fẹnu yín sọ ọmọ yìí dẹrù."

Lọ́jọ́ kan tá a ń tukọ̀ lọ kí ìyá Bàámi ní òdìkejì ọ̀sà, mo bi Bàámi léèrè ìtumọ̀ èébú yẹn. Wọ́n ní bí ìjì bá dé lójú òkun, tí ọkọ̀ fẹ́ rì, ẹrù ni wọ́n ń jù sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Èyí tí kò lẹ́ni tó dúró tì í ni wọ́n ń kọ́kọ́ jù. Ibẹ̀ làwọn atukọ̀ ti mú un, tí wọ́n fi ń bú ẹni tó bá káwọ́ gbera: tọ́rọ̀ bá le, ìwọ la máa kọ́kọ́ jù.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Omi ti ń wọlé, torí ọ̀dà àárọ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì gbẹ tá a fi gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé ń bá Bàámi tukọ̀, Màámi gbé àbúrò mi lẹ́sẹ̀. Èmi nìkan ni ò níṣẹ́. Mo gbé igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi, mo ń gbọ́n ọn dà sára ìró wọn tuntun, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Bàámi rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn, tá a tún wá ń lé e kiri orí omi.

Nígbà tá a gúnlẹ̀, Bàámi gbé mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló máa ju ìwọ sómi? Ṣebí èmi ni mo ni ẹ́."

Etí mi gbọ́, ara mi ò gbọ́. Mo ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún báyìí. Bí mo bá lọ kí Ṣadé n'Íbà, á ní kí n jókòó, kó tó yíjú padà mo ti ń fọ abọ́. Ọmọ tí wọ́n ń bú torí ìjókòó ti di ìyá tí kò mọ̀ ọ́n jókòó mọ́. Bàámi ti lọ. Àwọn nìkan ni ì bá ní kí n jókòó kí n gbà.