Ìgò Méjìlá Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ní wọ́n sọ fún òun ni, ẹ jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀ lọ. Wọn ò sọ fún èmi Gàníyù. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọwọ́ mi ló gbé e, ọ̀kadà mi ló sì rù ú láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbẹ́ ni mò ń sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Prámárì mẹ́ta ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì tó mọ ojúlé àdúgbò wa bíi tèmi. Bí abẹ́rẹ́ ọmọdé bá tó gbà, èmi ni mò ń pe àwọn ìyá jáde. Bí ẹnìkan bá ń sá fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi ni mò ń lọ ká a mọ́lé. Mátírọ́ọ̀nù wa, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, a máa sọ pé, "Gàníyù, ẹnu rẹ ju ìwé ẹ̀rí ẹlòmíì lọ." Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá dé, èmi náà ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Kókó kékeré ni jẹjẹrẹ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìfun. Kì í dunni. Ó kàn máa ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, wọ́n á gé kókó náà kúrò, onítọ̀hún á sì máa jẹun rẹ̀ lọ. Bí ó bá pẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta, a ó fún un ní ìgò kékeré kan tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ìdérí rẹ̀. Á fi igi náà gún ìgbẹ́ rẹ̀ níbi mẹ́ta mẹ́rin, á tì í bọ inú ìgò, á dé e. Èmi á kó o sínú kúlà, ó di ilé àyẹ̀wò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ lọ sọ fún àgbàlagbà Ọ̀yọ́ pé kó fún yín ní ìgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó. Ìyá kan bi mí pé, "Gàní, ta ló rán ọ sí mi?" Ọkùnrin kan gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n búra pé n ó dá èyí tó bá ṣẹ́kù padà. Mo búra. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti rí ènìyàn méjìlá. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní àdúgbò kejì rí méjì, ìyàwó rẹ̀ sì ni ọ̀kan.

Wàhálà orúkọ ló wá kù. Mátírọ́ọ̀nù ti sọ ọ́ pé, "Níwájú ẹni tó ni ìgò ni kí o ti kọ orúkọ sí i lára. Má kúrò níbẹ̀ kí o tó kọ ọ́." Àwọn ènìyàn mi kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ, kó wá wà lára ìgbẹ́? Mo ní kò burú. Pátákó oníhò méjìlá wà nínú kúlà, ìgò kan sí ihò kan. Bí mo bá ṣe ń gbà á láti ojúlé dé ojúlé ni n ó ṣe máa tò ó, gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn ṣe tò nínú ìwé Mátírọ́ọ̀nù. Bí mo bá dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, n ó jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Orí mi kì í gbàgbé nǹkan.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kó àwọn ìgò náà, Rájí tó ń lẹ táyà ni mo kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Bàbá Tíṣà ni mo gba tirẹ̀ kẹ́yìn. Bàbá yìí ló kọ́ mi ní prámárì mẹ́ta kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó gbé ìgò rẹ̀ jáde nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó sì bẹjú wo inú kúlà.

"Ta ló ni ti iwájú yìí?"

"Rájí ni, sà."

"Rájí tó ń lẹ táyà?"

"Òun ni, sà."

"Èmi wá wà lẹ́yìn Rájí."

"Ẹ̀yìn gbogbo wọn lẹ wà, sà. Ilé yín ló kẹ́yìn."

"Gàníyù, mo kọ́ Rájí. Mo kọ́ ìwọ náà, bó o tilẹ̀ sá lọ. Ìgbẹ́ ta ló yẹ kó ṣáájú?"

Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Nílé tiwa, ọmọdé kì í mú ẹran ṣáájú àgbà. Mo sún àwọn mọ́kànlá sẹ́yìn ní ihò kọ̀ọ̀kan, mo fi ti Bàbá síwájú. Ó ní mo lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Nígbà tí mo dé Takie, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹni tó ń tún fóònù ṣe, mo kọ orúkọ méjèèjìlá láti iwájú dé ẹ̀yìn, láti Rájí títí kan Bàbá Tíṣà, bí ojúlé ṣe tò lórí mi. N kò fo ọ̀kan. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi ní ilé àyẹ̀wò ní ìkọ̀wé mi ṣeé kà.

Nígbà tí èsì dé, ìgò kan ṣoṣo ló ní ẹ̀jẹ̀. Orúkọ Rájí ló wà lára rẹ̀.

Rájí ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó ní òun ti dárí jì í. Ẹ̀gbọ́n ní òun kọ́ ló ṣẹ̀. Wọ́n gbé Rájí lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n ti kámẹ́rà gba ìdí rẹ̀, wọ́n wo ìfun náà látòkè délẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Rájí ṣe sàráà. Inú gbogbo wa dùn, a jẹ ẹ̀wà.

Mátírọ́ọ̀nù nìkan ni kò jẹ ẹ́. Ó pè mí. "Gàníyù, ṣé níwájú wọn lo ti kọ orúkọ yẹn?"

"Mátírọ́ọ̀nù, ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó mọ̀ mí.

Bàbá Tíṣà ní tirẹ̀ ń mú èsì rẹ̀ káàkiri àdúgbò. "Inú mi mọ́ bíi síléètì tuntun," ni ó ń wí. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo gbé e wá fún Mátírọ́ọ̀nù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń yà báyìí, afọ́jú ni kò ní rí i.

"Bàbá, èsì yín mà mọ́," ni Mátírọ́ọ̀nù wí.

"Ó mọ́. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló gbé tèmi síwájú gbogbo wọn."

Mátírọ́ọ̀nù yíjú sí mi. "Síwájú kẹ̀? Bàbá ló kẹ́yìn nínú ìwé mi."

Mo kà á lórí ìka mi. Ìgò iwájú, ti Bàbá, ni mo kọ Rájí sí. Ti Rájí ni mo kọ orúkọ ẹnì kejì sí. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dópin. Nínú ìgò méjìlá, kò sí ọ̀kan tó gba orúkọ ẹni tó ni ín.

"Èmi ni, Mátírọ́ọ̀nù."

Bàbá bi mí pé, "Ká ní o ní dandan ni kó o kọ orúkọ mi níwájú mi ńkọ́?"

"Ẹ kì bá gbà, sà."

"Òótọ́ ni. N kì bá gbà."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀, Bàbá kò sì pẹ́ láyé mọ́. A tún àyẹ̀wò àwọn mọ́kànlá yòókù ṣe. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ti ẹnikẹ́ni.

Lónìí, nọ́ńbà ni a ń lẹ̀ mọ́ ìgò kí n tó gbé e jáde. Níwájú ẹni tó ni ín ni mo ti ń kà á sókè, òun náà á sì kà á fún mi. Ẹni tó bá ní kí n sún tirẹ̀ síwájú, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un, n kò sì ní sún un. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń gbé ìgbẹ́ tó péye tó tèmi láàárín ìlú méjèèjì. Ẹ bi wọ́n.

Ohun tó sọnù nìyí: ọjọ́ mọ́kànlélógún tí Rájí fi ti ṣọ́ọ̀bù pa, oṣù márùn-ún tí Bàbá fi ń gbé èsì ẹlòmíì kiri, ìfun tó gùn tó apá mi tí wọ́n gé lára rẹ̀, Bàbá Tíṣà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ẹnì kan.