Ọjọ́ Tí Mo Pe Màlúù Wọ Oko

Èéfín ìgbẹ́ màlúù ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn lẹ́yìn Imeke, ìlú wa, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó gbé òórùn ẹja dé. Àwọn Fúlàní darandaran ló ń dá iná náà kí eṣinṣin má baà yọ ẹran wọn lẹ́nu. Owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn wá nígbà náà, gbogbo ilé alámọ̀ ń di ilé búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ahéré koríko ni tiwọn. Ìyàwó darandaran á kọ́ ọ kí oòrùn tó kan àtàrí, á sì tú u lọ́jọ́ tí koríko bá tán. Mo máa ń káàánú wọn. Ọ̀rẹ́ mi, ta ló bẹ̀ mí?

Ẹ̀rù màlúù ń bà mí ju ẹ̀rù òkun lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ibùdó wọn kọjá, akọ kan ṣáà gbójú sókè wò mí ni, mo ti wà lórí igi àgbọn kí n tó rántí pé n kò mọ igi gùn. Baba darandaran rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu wàrà sínú igbá, ó ní kí n mu kí òun tó mu.

“Ẹni tó bá mu wàrà wa ti di ara ilé,” ó ní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ síbẹ̀ ṣáá. Ó kọ́ mi ní orúkọ àwọn màlúù rẹ̀, nítorí olúkúlùkù ló ní tirẹ̀ bí ọmọ èèyàn. Ó kọ́ mi ní ìpè wọn pẹ̀lú, ìpè kan tó ń ti ọ̀fun wá bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́rùn. Ó tó oṣù méjì kí abo funfun tó ń ṣíwájú wọn tó dá mi lóhùn. Ọjọ́ tó yíjú sí mi, tí gbogbo agbo tẹ̀ lé e, bí ọba ni mo ṣe rìn wálé.

Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí bàbá wa, ló ni oko ẹ̀gẹ́ tó bá ibùdó náà pààlà. Ó ń múra àtiṣílé tuntun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí baba darandaran wá omi lọ, ẹ̀gbọ́n mi àti àlejò méjì jókòó lẹ́bàá oko, ó sì pè mí.

“Ìwọ tí ewúrẹ́ ń lé, wọ́n ní màlúù ń gbọ́ tìẹ. Irọ́!”

“Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa, dúró sáàrin oko yẹn kí o pè wọ́n.”

“Ẹ̀gẹ́ yín ńkọ́?”

“Ṣebí èmi ni mo ni ín? Àbí ẹ̀rù tún ti dé?”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn ló gún mi. Mo pè wọ́n. Wọ́n dé, wọ́n tẹ ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, èmi náà ń tẹrí ba. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó figbe ta: “Ẹ gbà mí o! Màlúù ti jẹ oko mi tán!”

Nírọ̀lẹ́, níwájú àwọn àgbà, ó ní abo funfun yẹn lòun máa gbà dípò oko. Mo ní èmi ni mo pè wọ́n.

“Ẹ gbọ́,” ó ní, “ẹni tó gun àgbọn torí màlúù!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Baba darandaran nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni,” ó sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń fa màlúù náà lọ. “Màlúù wa kì í tẹ̀ lé àlejò.”

Ilẹ̀ mọ́, ahéré ti di títú. Wọn kò padà sí Imeke mọ́.

Ó pẹ́ tí mo fi ń di ẹ̀gbọ́n mi sínú. Ó dalẹ̀ mi, n kò jiyàn. Àmọ́ kì bá tí rí ìrù màlúù kan dì mú bí kò bá sí èmi, tí mo sọ ohun tí wọ́n fi fún ará ilé di eré fún àlejò. Níbi ìṣílé, wọ́n bu ẹran abo funfun náà fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ó sì dùn. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣépè fún ọ̀dàlẹ̀ lójú mi, n kì í tètè ṣe àmín.